Àwìn Tó Kù sí Gánà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ẹdẹ wọ Ará, tó sì tẹ̀ síwájú títí dé Èjìgbò, yóò rí i pé ilé pọ̀ ju ènìyàn lọ láwọn àdúgbò kan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó gún régé, géètì onírin, ọ̀dà tí òjò ti ń ṣí kúrò, fèrèsé tí kì í ṣí àfi bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá sún mọ́lé. Àwọn tó ni wọ́n ń bẹ ní Àbíjàn, ní Côte d'Ivoire. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò dé Èkó rí lè sọ ọ̀nà tó ti Treichville lọ sí Adjamé fún ọ. Owó séfà ti mọ́ àwọn oníṣòwò Èjìgbò lọ́wọ́, Faransé tí àwọn ìlú mìíràn ń lọ kọ́ ní yunifásítì, àwa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà.

Àbíjàn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá báyìí, ṣùgbọ́n Gánà ti gba àwọn bàbá wa lálejò ṣáájú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí dé, tí reluwé sì ti kọjá Òṣogbo dé Ọ̀fà, owó di ohun tí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ wá kiri, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sì tètè mú un wá. Góòlù Kóòsì, bí wọ́n ti ń pe Gánà nígbà náà, ni kòkó ti ń jáde jù lọ láyé láti 1911. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí rọ́ lọ síbẹ̀, àwọn kan láti ìhà Èjìgbò sì bá wọn lọ. Àwọn mìíràn kò dúró ní Kùmásí. Wọ́n ré kọjá sí ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, wọ́n tẹ ìpàtẹ tiwọn sí Àbíjàn. Nínú agboolé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n lè wà ní Tamale kí àbúrò wà ní Treichville. Ẹbí kan náà, òwò kan náà, ọgbọ́n kan náà ni: èsúsú, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí a mú láti ilé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń sin òkú tó sì ń parí ìjà.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí nǹkan dára fún àwọn tó kó lọ gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀, ó ṣòro kí a rí ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí máa ń ka owó tó ń wọlé, wọ́n a ka ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, wọ́n a ka ilé. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yẹn ka ọdún 1965, àwọn tó wà ní Gánà ni a ó sọ pé ayé yẹ. Wọ́n pọ̀: ètò ìkànìyàn ọdún 1960 rí nǹkan bí 100,000 Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ta aṣọ, àwo, pààtì kẹ̀kẹ́ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ilé kò lè ṣe aláìní. Àwọn kan ń ra dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á. Jeremy Eades, olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odindi ìwé kan lórí àwọn Yorùbá tó wà ní àríwá Gánà, ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe gbilẹ̀ tó nínú ọjà Tamale. Títí di òní, orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe Yorùbá ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú mọ́.

Ohun kan sì wà tí a kò lè kà nínú ìṣirò: ara balẹ̀ fún wọn. Láti 1912 ni owó kan náà ti ń ná ní Èkó àti ní Àkírà. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ọlọ́pàá ń sọ, ilé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò ó sí. Ẹni tó kúrò ní Ìníṣà lọ sí Kùmásí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò rò pé òun re òkè òkun. Ó lọ sí ọjà tó jìnnà ni. Àwọn ti Àbíjàn kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Owó mìíràn, èdè mìíràn, ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé, bodè lórí bodè. Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń rán wọn létí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì pẹ́ lórí àlééfà, pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé tàbí kó kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé kankan. Ta ni ì bá ti bi wọ́n léèrè rẹ̀? Àwọn kan ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, àwọn kan ni wọ́n bí síbẹ̀. Wọ́n kó ohun tí ọkọ̀ lè gbé.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ kò lè gbé, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. A máa ń sọ pé oníṣòwò lówó. Níbo ni owó náà wà? Díẹ̀ wà nínú àpò, díẹ̀ wà lórí àtẹ. Èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà: aṣọ tí ìyàwó tíṣà gbà tí yóò san lóṣù tó ń bọ̀, àwo tí ìyá ìyàwó kó fún ìgbéyàwó tí yóò san lẹ́yìn ìkórè, ẹrù tí alátúntà gbé lọ sí abúlé. Àwìn ni ọrọ̀ oníṣòwò. Ẹni tó ta ọjà ní àwìn ti fi ara rẹ̀ lé ọjọ́ ọ̀la lọ́wọ́. Ó ń sọ pé, mo mọ̀ ọ́, o mọ̀ mí, a ó tún ríra. Ẹni tó gbà á náà ń sọ nǹkan kan: ó gbà pé oníṣòwò yìí yóò wà níbí lóṣù tó ń bọ̀, àti pé bí òun bá kọ̀ láti san án, ojú yóò ti òun. Kí ìjọba kankan tó fún àjèjì ní ìwé, ọjà ti fún un ní ohun tó jinlẹ̀ ju ìwé lọ. Ọjà ti sọ ọ́ di ẹni tí a lè jẹ ní gbèsè.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, o lè ta ẹrù rẹ ní ẹ̀dínwó. O lè yọ páànù orí ìsọ̀ rẹ bó bá ká ọ lára. Gbèsè nìkan ni o kò lè dì sínú ẹrù. Onígbèsè kò ní láti sá mọ́. Ìwọ olówó ni ìjọba ní kí o sá. Ó kàn ní láti jókòó sílé rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé ni. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ wọn lè ti sunkún pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ohun tí àṣẹ náà ṣe ni pé ó pa ọjọ́ ọ̀la tí àwọn méjèèjì jọ ń retí, bí kò sì sí ọjọ́ ọ̀la, kò sí àwìn. Ohun tí Busia gbà lọ́wọ́ wọn ju ọjà lọ. Ó sọ wọ́n di ẹni tí a kò jẹ ní gbèsè mọ́, ẹni tí a lè dá lóró láìsí ẹ̀bi. Ní 1970, òfin mìíràn jáde tó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, àwọn ìsọ̀ tó ṣófo sì rí ẹni gbà wọ́n.

Àwọn àgbà wa máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ni báyìí pé: àwọn ti Gánà gbàgbé ara wọn, àwọn ti Àbíjàn ṣọ́ra. N kò rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ọdún méjì kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira, àwọn ọ̀dọ́ Àbíjàn dìde sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n tú ilé wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì di ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń kó padà sílé. Àwọn wọ̀nyí ṣọ́ra. Wọ́n mọ Faransé ju àwọn onílẹ̀ lọ, wọ́n ní ìwé, wọ́n wà ní ọ́fíìsì ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti tíṣà. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, nítorí àga tí wọ́n jókòó lé ni ọmọ Côte d'Ivoire tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ń wò. Yorùbá tó ń ta àwo nínú ọjà Treichville kò sí lórí àga kankan tí ẹnikẹ́ni ń wò nígbà náà. Ní Gánà ẹ̀wẹ̀, ìsọ̀ ọjà gan-an ni àga tí àwọn onílẹ̀ ń fẹ́.

Kì í ṣe jíjìnnà àjèjì ló ń bí onílẹ̀ nínú, sísúnmọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n lè fàyè gba ẹni tí ìwà rẹ̀ ṣàjèjì, tí oúnjẹ rẹ̀ ṣàjèjì, tí kò gbọ́ èdè. Ẹni tó ti kọ́ èdè náà, tó mọ ọ̀nà, tó jókòó síbi tí ọmọ onílẹ̀ ì bá jókòó sí, òun ni a ń wá ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀. Àwa sì ni a ń gba àwọn ọmọ wa níyànjú pé kí wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ èdè wọn, kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti ń rí i ṣe ni ewu ń pọ̀ sí i.

Félix Houphouët-Boigny ló jẹ́ ààrẹ Côte d'Ivoire láti òmìnira ọdún 1960 títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1993. Ó fẹ́ àjèjì, nítorí oko kòkó àti kọfí ń fẹ́ ọwọ́. Ó jẹ́ kí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dìbò. Ní 1998, àjèjì jẹ́ ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùgbé Côte d'Ivoire. Ohun kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé wa, Houphouët fọwọ́ sí Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ìjọba rẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà di ọ̀tá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ojukwu, olórí Biafra, sì sá lọ nígbà tí ogun parí. Síbẹ̀ kò sí àṣẹ bíi ti Busia tó lé àwọn Yorùbá kúrò nínú ọjà Àbíjàn. Gánà tí kò bá wa jà ló lé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìbáṣepọ̀ láàrin ìjọba ló ń dáàbò bo ọmọ ìlú lẹ́yìn odi, kó ro èyí.

Ṣùgbọ́n kí ni a rí gbà ní Àbíjàn? Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ni. Nígbà tí ẹni náà darúgbó, ìwé ìgbélùú dé ní nǹkan bí ọdún 1990, ìyọlẹ́nu ọlọ́pàá sì tẹ̀lé e. Nígbà tó kú, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìran ènìyàn wò láti mọ ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀. Houphouët ti máa ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ẹni tó bá ro ilẹ̀ ló ni ín. Òfin ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 1998 sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko, àwọn ará Bùrkínà Fasò tó ti ro igbó di oko kòkó sì rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kò dá wọn lójú mọ́. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002. Òmíràn tẹ̀lé ìbò ọdún 2010, nǹkan bí 3,000 ènìyàn kú kí wọ́n tó mú Gbagbo, ààrẹ ibẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ọkọ̀ sì ń já àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ ní Èjìgbò, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wálé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé wọn wà láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ padà lọ nígbà tí ìbọn dákẹ́. Kò sí iṣẹ́ tí ń dúró dè wọ́n ní Ará.

Nítorí náà nígbà tí mo bá wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó tì pa, n kì í dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé owó ṣòfò. Owó tí a rí ní séfà, tó so mọ́ owó Yúróòpù, ń kọ́ ilé tó tóbi ní ilẹ̀ náírà, pàápàá láti 2023 tí náírà ti wó. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó nìkan kọ́. Ilé náà ni ohun ìní kan tí ẹni tó wà ní Àbíjàn gbà pé kò sí ààrẹ kankan tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì gbà. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ọgbọ́n náà ní owó tí à ń san lé e. Ilé tó wà ní Ará ni ẹ̀rí tó rọrùn jù fún ẹni tó bá fẹ́ lé ọ pé o ní ibòmíràn tí o lè lọ. Owó tó bọ́ sínú bíríkì níbí kò lọ sínú ìsọ̀ níbẹ̀, kò kọ́ ilé ìwé níbẹ̀, kò so ọmọ pọ̀ mọ́ ibi tó ń gbé. À ń kọ́lé nítorí pé wọ́n lè lé wa, wọ́n sì ń rọ́nà lé wa nítorí pé a ti kọ́lé. N kò rí ọ̀nà tí ẹnì kan fi lè dá nìkan já ìyípo yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Guatẹmálà ti ń fi ẹsẹ̀ wọ̀lú láti ìgbà ogun abẹ́lé tó jà ní ilẹ̀ wọn láti 1960 di 1996. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba Amẹ́ríkà kọ ẹ̀bẹ̀ ibi ìsádi wọn, àfi ti díẹ̀ péré, nítorí pé ọ̀rẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni ìjọba tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n ṣiṣẹ́ nínú oko, wọ́n kọ́lé fún onílé, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé lónìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ọrọ̀-ajé Guatẹmálà. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ará Afganísítánì. Ní 2021, nígbà tí Taliban gba Kabul, ọkọ̀ òfurufú ìjọba ló gbé nǹkan bí 76,000 wọn wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ti bá ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi àwọn méjèèjì wéra ní ọdún yẹn yóò sọ pé ti Afganísítánì sàn jù, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ìdúpẹ́. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí ààbò onígbà díẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn gbára lé. Gbèsè ni Amẹ́ríkà jẹ àwọn tó bá ọmọ ogun rẹ̀ ṣiṣẹ́ wọ̀nyẹn, gbèsè ẹ̀mí ni pẹ̀lú, onígbèsè náà ló sì ń yan ọjọ́ tí gbèsè yóò kú.

Bí mo bá ní láti sọ ohun tí mo rò pé ó dára jù fún ẹgbẹ́ àjèjì kan, n kò ní sọ pé owó, n kò sì ní sọ pé ìwé nìkan. Màá béèrè bóyá wọ́n wà níbi tí gbèsè tí a jẹ wọ́n kò ní kú bí ìjọba bá yí padà. Ìbéèrè náà le, nítorí pé ó padà sọ́dọ̀ àwa náà ní kíá. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Ó tó mílíọ̀nù kan ará Gánà tó kúrò: télọ̀, bíríkìlà, àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Ọdún mẹ́tàlá àti oṣù díẹ̀ péré ló wà láàrin àṣẹ méjèèjì. Àwọn tó padà láti Kùmásí wà láàyè láàrin wa, wọ́n mọ bó ṣe rí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ní ó tọ́ sí wọn, ẹ̀san ló dé. N kò lè gbà pé ẹ̀san ni. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní Òṣogbo kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé Busia.

Nínú oko káàkiri Ọ̀ṣun lónìí, àwọn Àgàtú, Ìgèdè, Tíífì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa fi sílẹ̀ lọ sí Àbíjàn. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe iṣẹ́ ọdún: alágbàṣe a máa roko láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, onílẹ̀ a máa bọ́ ọ, owó di ìparí ọdún. Ẹ wò ó dáadáa, ọmọkùnrin yìí ti ta odindi ọdún kan fún wa ní àwìn. Kò sí ìwé láàrin wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí àìsàn bá mú un ní oṣù kẹsàn-án, bí ìjà ẹ̀yà bá bẹ́ sílẹ̀, bí onílẹ̀ bá pè é ní olè nígbà tí ọjọ́ owó sún mọ́lé, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún un? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbíjàn mọ bí a ṣe ń jókòó sí irú ẹjọ́ báyìí láàrin ara wọn: wọ́n mọ ẹni tó jẹ ta ni, wọ́n mọ ẹ̀rí, wọ́n ń bá ẹni tó kú gba owó rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí Ará gbé ìgbìmọ̀ irú èyí kalẹ̀ fún àwọn alágbàṣe, kí Àgàtú kan àti ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan jókòó nínú rẹ̀, kí àdéhùn iṣẹ́ ọdún máa wà lákọsílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì máa fi owó ẹni tó bá ti lọ ṣọwọ́ sí i níbi tó bá wà, ì báà jẹ́ ìjọba ló lé e.